Tí wọ́n bá yìn mí, kí ni kí n ṣe kí n má baà jí ògo Ọlọ́run?

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Èmi ni mo máa ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ìsìn bá ti parí báyìí làwọn èèyàn á rọ́ wá bá mi, "ẹ̀yin lẹ gbé wa dókè lónìí!", inú mi á dùn, kí n má parọ́, àmọ́ kíá ni Hẹ́rọ́dù inú Ìṣe 12 á sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí wọ́n ní ohùn ọlọ́run ló ní, tí kò fògo fún Ọlọ́run, tí ìdin fi jẹ ẹ́.

Mo ti ń dáhùn pé "ògo ni f'Ólúwa", ó ti wá di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo tún ń tètè gba ẹ̀yìn jáde, ni wọ́n bá ní mo ń ṣe fọ́ọ̀mù (ẹ ò rí nǹkan!). Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n fi máìkì sílẹ̀ fẹ́lòmíì, àmọ́ Mátíù 5:16 ní ká jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wa tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin máa ń ṣe tí ìyìn bá dé, tí ọkàn yín fi ń gbé e fún Ọlọ́run lóòótọ́? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.