Báwo ni ẹ ṣe ń fara da ìnira ara àti ti ọkàn lójú eré sísá?

Olùkọ́ Bàsírì:

Mo kí gbogbo ilé o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lórí àwọn òkè wa ní Èkìtì. Ẹni ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ó sì ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń jí sáré ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láti Bàsírì gba ọ̀nà Ìyìn lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Mi ò tíì ní í sáré tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èémí mi yóò ti máa já, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yóò máa gún mi bí abẹ́rẹ́, itan mi yóò sì wúwo. Bí mo bá wá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkàn mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí: "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé o kò mọ̀ pé o ti dàgbà ni? Dúró, kí o máa rìn." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo jáde ni mo dúró síbi kan náà gan-an, níwájú àtíbàbà ìyá kan tó ń dín àkàrà. Mo di orúnkún mi mú, òógùn ń kán láti imú mi sínú eruku, òróró ń ta nínú agbada ìyá náà, mo sì ṣàkíyèsí pé kí n tó ka ení dé ọgbọ̀n, èémí mi ti padà bọ̀ sípò. Ìyẹn ló mú mi ronú pé, ṣé ara mi ló dúró ni, àbí ọkàn mi? Báwo ni mo ṣe lè mọ ìnira tí ó yẹ kí n fara dà yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú ìgbìyànjú, ọ̀gá olùkọ́. Mo ti ń sáré láti ọdún 2006, apá òkè Olósùnta ni mo sì ń gbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe àjèjì sí mi.

Lójú tèmi, eré yín ti yá jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá dìde lórí ibùsùn tó sì ki eré mọ́lẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kò lè bá ẹsẹ̀ dọ́gba lójú kan náà. Ó máa ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó lè pèsè afẹ́fẹ́ tí iṣan ń béèrè, àárín àkókò yẹn gan-an sì ni èémí yín ń já. Ẹ kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá sáré níwọ̀n tí ẹ fi lè sọ odindi gbólóhùn kan láìsinmi. Bí ẹ kò bá lè sọ fún ìyá alákàrà yẹn pé "Ẹ kú ọjà o, mà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó tà" tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tó ń gún yín wọ́pọ̀ láàárín àwọn asáré. Oúnjẹ tó pọ̀ tàbí ohun mímu dídùn tí a mu kété kí a tó jáde máa ń dá kún un. Bó bá dé, ẹ dín eré kù, ẹ fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ sì máa mí síta pẹ̀lú sùúrù títí yóò fi rọlẹ̀.

Ní ti òkè, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, ẹ má sì wo orí òkè rárá, ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ máa wò. Ìsọ̀kalẹ̀ ló tún ń fìyà jẹ itan jù, nítorí pé iṣan ń nà nígbà kan náà tó ń gbé ìwúwo ara. Ìrora rẹ̀ sì máa ń le jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn èyí tí yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ran ọkàn tèmi lọ́wọ́ ni oríkì. Ìyá wa àgbà máa ń fi oríkì ìdílé wa jí wa láàárọ̀, òun náà ni mò ń ki fún ara mi lábẹ́ èémí, láti òpó iná kan dé èkejì, n kò sì ń ronú kan òpó kẹta. Eliud Kipchoge ará Kenya, ẹni tó sáré kìlómítà 42.195 ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ní Vienna lọ́dún 2019, máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ìnira bá dé sí i, kí ara rẹ̀ lè dẹ̀. Èmi náà ti gbìyànjú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀fọ̀n:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa Ìkẹ́rẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá kejì ìbéèrè yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ìnira tó bá tàn ká ẹsẹ̀ méjèèjì, tó sì ń dínkù bí ẹ bá ti dẹ eré, kò léwu. Ìrora tí ẹ bá lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí, ní ojúgun tàbí ní orúnkún, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń gbé ẹsẹ̀, tó sì ti ń mú yín tiro, ẹ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ máa rìn lọ sílé. Àyà tó bá wúwo bí ẹni gbé òkúta lé e, ìrora tó bá gba apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí òòyì tó bá ń kọ́ni, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún eré rẹ̀, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó má sì fi agídí sáré nínú oòrùn nígbà tí iṣan rẹ̀ bá ti ń rọ tàbí tí ó ń dùn ún lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé ìyẹn lè di ewu ńlá. Ẹ̀yin fúnra yín, olùkọ́, ní ọjọ́ orí yín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó tún gun òkè kankan, nítorí pé àìsàn yẹn kì í sábà fi ara hàn.

Bí itan bá ń bó nítorí pé ó ń fara kan ara wọn, ẹ fi òrí pa á kí ẹ tó jáde.

Ọmọ Ọ̀tùn:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ibì kan ni èrò mi ti yàtọ̀. Oríkì àti òpó iná máa ń mú ọkàn kúrò lára ara, mo sì ti jìyà ìyẹn rí: ojúgun mi ń dùn mí, mò ń fi orin bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà tí mo fi máa gbọ́ ohun tó ń sọ, oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sílé. Láti ìgbà náà, ara mi gan-an ni mo máa ń bi ní ìbéèrè. Mo máa ń wo èjìká mi bóyá ó ti gòkè lọ bá etí, mo máa ń tú ìkúùkù mi sílẹ̀, mo máa ń dẹ eyín tí mo há pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdajì ìnira náà ti lọ nìyẹn.

Olùkọ́, ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àtíbàbà yẹn dáadáa. Ẹsẹ̀ yín ti kọ́ ọ bíi ibùdókọ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ara ti ń múra àtidúró. Ẹ fúnra yín yan ibi tí ẹ ó ti rìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ó jẹ́ ṣáájú ibẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé lórí eré ni ẹ ó wà nígbà tí ẹ bá ń kọjá lọ́dọ̀ ìyá náà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ìkẹ́rẹ́:

Mo gbà fún ọ, àbúrò. Mo máa ń yẹ ara wò kí n tó gun òkè, oríkì sì di ìgbà tí mo bá ti mọ̀ pé ohunkóhun kò ṣe mí. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Bàsírì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Láàárọ̀ òní, mo rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sáré jẹ́jẹ́, mo sì tún rìn fún ìṣẹ́jú kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà. Ẹ̀gbẹ́ ṣì gún mi díẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo kọjá níwájú àtíbàbà, mo kí ìyá náà tán láìsinmi, wọ́n sì gbé ojú sókè kúrò nínú agbada, wọ́n ní, "Ẹ ò ní dúró lónìí ni?" Òpó méje ni mo tún kà lẹ́yìn ìyẹn kí n tó yí padà.