Ṣé kí àbúrò mi sọ fún àwọn ọmọ màmá náà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàbà. Àbúrò mi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé gíga kan ní Manhattan, nílùú New York, níbi tí ó ti ń ṣílẹ̀kùn, tí ó ń gba ẹrù, tí ó sì ń tẹ onílé láago kí àlejò tó gòkè. Màmá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé níbẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru, pẹ̀lú aṣọ ìsùn àti bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ní òun ń lọ sọ́jà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún àwọn ọmọ òun. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí ó kọ́kọ́ fi tó létí: ọ̀gá ilé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn (tí wọ́n ń pè ní 32BJ), àbí àwọn ọmọ náà?