Kíbọ́ọ̀dù kékeré tí switch rẹ̀ ṣeé yọ: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo ń wá kíbọ́ọ̀dù mechanical (èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní switch tirẹ̀ lábẹ́) olówó pọ́ọ́kú tí mo lè pààrọ̀ switch rẹ̀ láìlo soldering iron. Kóòdù ni mo ń kọ. Ṣé èyí tó tó 60% kíbọ́ọ̀dù ńlá ni àbí 65%?

Ìdáhùn 1: 65%. Bọ́tìnnì 61 ni 60% sábà máa ń ní, kò sí ọfà mẹ́rin níbẹ̀. Bọ́tìnnì Fn lẹ ó máa tẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì mìíràn kí cursor tó rìn, á sì tètè sú yín.

Ìdáhùn 2: Ihò tí switch ń wọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan ń gba switch Outemu nìkan, torí irin ẹsẹ̀ Outemu tín-ín-rín ju ti Gateron, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe switch, lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ihò bá jẹ́ 3-pin (ti switch ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), ẹ fi nail cutter gé ẹsẹ̀ oníke tín-ín-rín méjì ara switch 5-pin (ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún). Ẹ má fọwọ́ kan irin o. Switch optical (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́) ò bá ihò mechanical lò rárá.

Olùbéèrè: Ṣé 3-pin wọ ihò 5-pin?

Ìdáhùn 3: Ó wọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà tì í wọlé ní òòró gangan. Bí bọ́tìnnì kan ò bá ṣiṣẹ́, irin rẹ̀ ló sábà máa ń tẹ̀: ẹ yọ ọ́, ẹ fi tweezers tọ́ ọ. Ẹ má fi tipátipá tì í, socket ẹ̀yìn (ohun tó ń gba irin switch mú) lè ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù. Soldering iron tí ẹ ń sá fún náà lẹ ó wá padà lò.