Ìpọkànpọ̀ nìkan ò tó, mo dábàá ìṣíyè

Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú ní ìpọkànpọ̀ ti tó fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní mindfulness, ìyẹn kéèyàn máa kíyè sí gbogbo ohun tó ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́ láìjẹ́ kó gbé e lọ, pé ká má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ mìíì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, mi ò gbà.

Ẹ wo ìyá tó ń hun aṣọ nídìí òfì ní ilẹ̀ Bùnú. Tó bá ń ka òwú kí ọnà ẹ̀ má baà dàrú, ẹ lè kí i títí kó má dáhùn, kì í ṣe ìgbéraga o, ó ti kó ọkàn jọ sójú kan ni. Ìpọkànpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá kà á tán tọ́wọ́ ẹ̀ wá ń lọ fúnra ẹ̀, ó lè máa hun ún lọ kó gbọ́ ewúrẹ́ tó wọ ìdí àgbàdo, kó gbọ́ òórùn òjò tó ń bọ̀, kó mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun, kó sì mọ ìgbà tọ́kàn òun fẹ́ sá lọ sórí owó súkúù ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló ń rí, kò sí èyí tó gbé e lọ. Mindfulness nìyẹn. Ẹnì kan náà, òfì kan náà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tó ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an ò pa wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀nà alápá 8 tí Buddha, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, fi kọ́ni, ohun tí wọ́n ń pè ní sati lédè Pali ni ìkeje, samadhi tó jẹ́ ìpọkànpọ̀ ni ìkẹjọ. Sati yìí ni Rhys Davids, ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀sìn Búdà, túmọ̀ sí mindfulness ní 1881, Jon Kabat-Zinn, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wá gbé e wọ ọsibítù ní Massachusetts ní 1979 fáwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìrántí ni gbòngbò sati! Iyè tiwa náà ńkọ́? Ẹni tí kì í gbàgbé là ń pè ní oníyè, iyè yẹn náà la sì ń fi sí nǹkan tá a bá ní ká fiyè sí i.

Ìṣàrò tí àwọn kan mú wá fún mindfulness ò bá a mu, torí àṣàrò inú Orin Dáfídì 1, òfin lẹni yẹn ń rò lọ́sàn-án lóru, ìyá tí mò ń sọ ò jókòó ro nǹkan kan. Ìfarabalẹ̀ sún mọ́ ọn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tòògbé náà farabalẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní ìṣíyè nìyẹn, kí iyè ṣí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kà á bí ìyè tó jẹ́ ẹ̀mí, àmì ohùn ló yà wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ẹ sì gbọ́ Owé, Yàgbà tàbí Ìjùmú dénú, ẹ bi àwọn ìyá tó ṣì ń hun aṣọ bóyá wọ́n lórúkọ fún un, tó bá wà, tiwọn ni ká mú.