Báwo ni mo ṣe lè gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó bá ti mutí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ilé wa ni gbogbo ẹbí ti máa ṣọdún lọ́tẹ̀ yìí, ọtí á sì wà. Bí àwọn èèyàn ṣe máa padà sílé ló ń kọ mí lóminú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ni pàápàá. Bí wọ́n bá ti mu bíi ife mẹ́rin, wọ́n á ní ojú àwọn ṣì dá ṣáká. Wọ́n á ní kí n gbé kọfí wá, wọ́n á bu omi tútù sójú, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kọfí kì í sì í lé ọtí kúrò lára, ó kàn ń lé oorun ni! Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ọtí mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ẹni tó mutí dòru lè jí láàárọ̀ kí ọtí ṣì wà lára ẹ̀.

Ìyàwó ilé ni mí, mi ò lè máa bá bùọ̀dá fa kọ́kọ́rọ́ níṣojú àlejò. Ọkọ mi náà ń bẹ̀rù wọn (ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀). Mo ń rò ó pé kí ẹnì kan tí kì í mutí máa gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo awakọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, kó má baà dà bíi pé bùọ̀dá nìkan là ń ṣọ́. Ibùsùn wà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán irú ẹ̀ wò, ṣé àwọn àgbà gbà? Kí lẹ sọ fún ẹni tó kọ̀ jálẹ̀?