Ìrẹ̀wẹ̀sì lára ọ̀dọ́ tó ní Tourette: kí la ó kọ́kọ́ wò?

Ìyá Bísí, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin Rẹ́mọ. Bí ọ̀dọ́ tó ní Tourette, àìsàn tó ń mú kí ara máa fò tàbí kí ohùn máa jáde láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́, bá pa bọ́ọ̀lù tì, tó ń tilẹ̀kùn mọ́rí, ṣé ojú tó ń ṣẹ́ àti èjìká tó ń fò ló kàn sú u, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì ni?

Bọ̀dá Ṣágámù: Ìyá Bísí, ẹ ka ọjọ́. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, tàbí tí ohun tó máa ń wù ú kò wù ú mọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun tàbí oúnjẹ sì yí padà, ẹ mú un lọ bá GP, dókítà àdúgbò yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kó páálí oògùn rẹ̀ jáde. Haloperidol àti pimozide, oògùn tí wọ́n ń lò fún Tourette, lè mú kí ara wúwo, kí nǹkan sì súni. Tetrabenazine ni kẹ́ ẹ fura sí jù: ìrẹ̀wẹ̀sì wà nínú ewu tí wọ́n kọ sí ìwé inú páálí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọjọ́ tí wọ́n fi kún un, àti ọjọ́ tí ìṣe rẹ̀ yí padà sórí ìwé kan. Dókítà á rí i bí wọ́n bá tẹ̀ léra.

Ìyá Bísí: Ká wá dá oògùn náà dúró?

Àǹtí Òde: Rárá o! Clonidine pàápàá, tí wọ́n tún ń lò fún Tourette, tẹ́ ẹ bá já a lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ru. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ dárúkọ gbogbo èyí tó ń lò. Pimozide àti sertraline, tó jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, kì í gbé pọ̀, lílù ọkàn ni wọ́n ń dà rú. Sertraline tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn kan máa ń jù ú nù kó tó tó àkókò yẹn.

Bọ̀dá Ṣágámù: Ẹ bi í ní gbangba: “Ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi kó o kú?” Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa gbé èrò náà wá. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti oògùn ilé pa. Ní England, ẹ pe 111, kẹ́ ẹ tẹ 2; bí ewu bá ti dé tán, 999. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 988.

Àǹtí Òde: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú ọmọ lọ sí Ojúde Ọba, ẹ ka oògùn iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ 1 lé e. Báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé dókítà. Ariwo ìbọn, ẹṣin, àìsùn, gbogbo rẹ̀ ló ń mú kí èjìká fò sí i. Ẹ wá yàrá tó parọ́rọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ tètè bá àwọn màmá sọ ọ́ pé kí wọ́n yéé sọ pé “dá ojú yẹn dúró”, torí bá a ṣe ń rán an létí ló ń pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá ní kó gbààwẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oògùn bá ààwẹ̀ lọ.