Kí la lè ṣe kí wíwọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá lẹ́yìn ìbímọ má jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán nìkan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì. Ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wa l'Abẹ́òkúta, ọ̀rá tó ní ìlà òdiwọ̀n la fi ń gbe ẹ̀jẹ̀ báyìí. Ojú lásán a máa tanni: ìró àdìrẹ dúdú á fa ẹ̀jẹ̀ mu, kò ní hàn. Gẹ́rẹ́ tí ọmọ bá bọ́ la ń tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìdí ìyá, a sì ń wo ìlà náà ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn. Tó bá ti kan 500 ml, tàbí 300 ml tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀, a ó fọwọ́ ra ilé ọmọ, a ó fún un ní oxytocin (oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì), tranexamic acid 1 g (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) àti dírípù, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwádìí E-MOTIVE ti 2023 lórí ọ̀nà yìí, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ti fi hàn pé ó ń dín ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le kù.

Òru ló ń yọ wá lẹ́nu. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo, ìyá méjì: ta ni yóò wo ìlà? Oxytocin ń fẹ́ òtútù 2 sí 8°C, iná ọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Bó bá kan yìnyín nínú kúlà, ó lè dì, kò sì yẹ kó dì. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.